Ohun Tí Dókítà Harold Bọ́dúnrìn Odùtáyọ̀ Ń Ṣe Nínú Yàrá Ẹ̀yìnkùlé

Ní Pòrògùn, ní ìlú Ìjẹ̀bú-Òde, ni a bí olóògbé Harold Bọ́dúnrìn Odùtáyọ̀ sí, ní oṣù Kejìlá ọdún 1936, nígbà tí Kérésìmesì ku fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́. Ìdí nìyí tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Bọ́dúnrìn. Bàbá rẹ̀ ni Pa Albert Odùtáyọ̀, télọ̀, ọmọ bíbí Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin. Ìyá rẹ̀ ni Màmá Rachel Odùtáyọ̀, ọmọ Ayépé, tí wọ́n ta abọ́ tánganran àti gíláàsì àtùpà títí ara fi ní kí wọ́n sinmi. Màmá ṣì wà láyé. Ẹni tó bá ti jẹun nílé wọn rí mọ̀ pé ọ̀tá wọn kan ṣoṣo láyé yìí ni ìdọ̀tí.

Kí a tó lọ síwájú, ẹbí ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo ẹ̀yin tí ẹ wá bá wa kẹ́dùn. Ọ̀gbẹ́ni Walter Odùtáyọ̀, àbúrò olóògbé, ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Odògbólú, ni a rán pé kí ó kọ ìtàn ìgbésí ayé olóògbé yìí. Ó ti kọ irú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ òkú nínú ìjọ, kò sì sí èyí tó fún un ní wàhálà rí. Bí ẹni náà bá jẹ́ téṣà, a ó ní téṣà ni; bí ó bá jẹ́ àgbẹ̀, a ó ní àgbẹ̀ ni, ó tán. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó dé ibi tí a ti ń kọ iṣẹ́ tí olóògbé ṣe, bírò dúró sí i lọ́wọ́. Ó bi ìyàwó olóògbé, ó bi àwọn ọmọ, ó bi ọ̀rẹ́ rẹ̀. Oníkálukú ló sọ tirẹ̀, kò sì sí méjì tó bára mu. Bí ohun tí ẹ ó kà yìí bá rú yín lójú, ẹ má bínú sí wa, ó rú àwa náà lójú. Ẹ má sì wí pé ẹbí kò mọ ọ̀wọ̀ nígbà tí ẹ bá rí i pé a kò pe olóògbé ní “wọ́n”. Ìyá rẹ̀ wà láyé, a kò sì lè máa fi ọmọ ṣe àgbà lójú ìyá tó bí i.

Ilé ìwé ìjọ Áńgílíkà ní Ìjẹ̀bú-Òde ni olóògbé ti kọ́ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1943, ìlú náà ló sì ti ṣe ìwé mẹ́wàá. Orí rẹ̀ pé. Ní ọdún 1959, ó rí sikọ́láṣíìpù gbà lọ sí ìlú Gẹ̀ẹ́sì láti kọ́ kẹ́mísìrì. Inú Pa Albert dùn, wọ́n sọ fún gbogbo ìjọ pé ọmọ àwọn ń bọ̀ wá ṣí ilé ìtajà oògùn. Wọ́n ti gba ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, wọ́n ti kan pákó mọ́ ògiri, kò ku ohun méjì ju ìgò oògùn lọ. Nígbà tí olóògbé dé ní ọdún 1967 pẹ̀lú oyè Dókítà, ó dọ̀bálẹ̀, ó sì ṣàlàyé fún Pa pé kẹ́mísìrì tí òun kọ́ kò ní oògùn nínú.  Pa béèrè pé kẹ́mísìrì wo wá ni kò ní oògùn nínú? Ìbéèrè yìí ṣì wà lẹ́nu wọn títí wọ́n fi re ibi àgbà ń rè ní ọdún 1974, a kò sì tíì rí ẹni tó dá wọn lóhùn.

Ìlú Gẹ̀ẹ́sì náà ni ó ti pàdé Helen Mọ́ṣádé, ọmọ Odògbólú, tó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ níbẹ̀. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní ọdún 1963. Olúwa fi ọmọ mẹ́ta ta wọ́n lọ́rẹ: George, Matilda àti Olúṣẹ́gun. Ìyá George jẹ́ obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ẹ ó sì rí i níwájú bí ìyẹn ti ṣòro tó fún wọn.

Láti ọdún 1967 ni olóògbé ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní kẹ́mísìrì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde. Títí dé ibí, kò sí ìṣòro. Ọdún 1981 ni ọ̀rọ̀ dojú rú. Ó gba ìsinmi ọdún kan, ó padà sí ìlú Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tó sì dé, ó gbé àpótí kan dání. Inú àpótí náà kún fún àwọn pẹlẹbẹ kéékèèké, kò sí èyí tó ju èékánná àtàǹpàkò lọ, wọ́n ń dán bíi dígí, wọ́n sì fi wúrà fa ìlà sí wọn lára, ìlà tó tẹ́ẹ́rẹ́ ju irun orí lọ. Bí a ti gbọ́ pé wúrà ni, ilé kún. Àwọn àbúrò bàbá wa lóbìnrin ní kí ó rọ wọ́n ní yẹtí. Olóògbé ní wúrà inú wọn kò lè rọ yẹtí eèrà. Ó palẹ̀ yàrá kan mọ́ ní ẹ̀yìnkùlé, ó kó wọn síbẹ̀, ó sì ti ìlẹ̀kùn mọ́rí.

Ẹ jẹ́ kí a gbìyànjú láti sọ ohun tó ń ṣe níbẹ̀. Nínú rédíò, ohun kékeré kan wà tó ń ṣí ọ̀nà fún iná mànàmáná, tó sì ń tì í. Tìráńsísítọ̀ ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n ń fi ohun kan tó dà bí òkúta ṣe é, ààrò ńlá ni wọ́n fi ń yan án, ìlú olówó nìkan ló sì ní irú ààrò bẹ́ẹ̀. Olóògbé ní a lè fi ohun tó jẹ́ mọ̀lẹ́bí ike àti aró ṣe é, ohun tí a lè rẹ sínú omi tàbí kí a kùn bí ọ̀dà, láìsí ààrò rárá. Ike kẹ̀! Ta ni kò mọ̀ pé ike kì í gbé iná? Ṣebí ìdí tí wọ́n fi fi ike bo wáyà nìyẹn. Alhaji Gbàdàmọ́sí, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ta bátìrì mọ́tò, sọ fún un lójú ara rẹ̀ pé bí ike bá ń gbé iná, gbogbo Ìjẹ̀bú-Òde ni ì bá ti kú tán. Olóògbé rẹ́rìn-ín, ó ní ike kan wà tó ń gbé e. Alhaji ní òun kò gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́, ṣùgbọ́n òun gba Bọ́dúnrìn gbọ́, wọ́n sì ń fún un ní bátìrì lò títí iṣẹ́ fi parí. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Alhaji.

Èyí tó wá pọ̀ jù fún wa ni pé ohun náà ní ẹsẹ̀ mẹ́ta. Iná á gba ẹsẹ̀ kan wọlé, á gba èkejì jáde. Ẹ̀kẹta kì í fara kan ọ̀nà náà rárá. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló máa dúró sí, bí a bá sì ti fún un lágbára, iná á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ́nà. Ìyá George béèrè bí ohun tí kò fọwọ́ kan ènìyàn ṣe lè mú un rìn. Olóògbé ní kí wọ́n wo Màmá. Ó ní bí Màmá bá ti yọ lẹ́nu ọ̀nà, kí wọ́n tó la ẹnu, kí wọ́n tó fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni, ṣé ìgbálẹ̀ kì í ti wà lọ́wọ́ gbogbo ará ilé? Ìyá George ní ó yé àwọn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n ní kò yé àwọn mọ́.

Ìgboro kò ṣàánú fún un. Nítorí pé rédíò gan-an ni àwọn ènìyàn ń pè ní tìráńsísítọ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé rédíò tó bàjẹ́ wá bá a. Ó ní òun kò mọ rédíò tún ṣe. Wọ́n ní ta ni yóò mọ inú nǹkan tí kò ní mọ ẹ̀yìn rẹ̀? Wọ́n á gbé e kalẹ̀, wọ́n á sì bá tiwọn lọ. Títí di òní, rédíò ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ẹni tó bá mọ tirẹ̀, kí ó jọ̀wọ́ wá gbé e.

Ní ọdún 1986, olóògbé ń ka ìwé ìròyìn kan tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń kọ, ó sì pariwo ní pálọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìyá George fi rò pé ẹnìkan ti kú. Àṣé àwọn kan ní ilẹ̀ Japan ló ti ṣe irú tìráńsísítọ̀ náà, ó sì ṣiṣẹ́. George bi í pé ṣé kì í ṣe pé wọ́n ti gbawájú mọ́ ọn lọ́wọ́ ni? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ó sì ra mínírà fún gbogbo ilé. Ẹ gbà wá! Ẹnìkan sáré ju ọ lọ, o wá ń pín mínírà! Olóògbé ní ohun tó ti ń ba òun lẹ́rù láti ìgbà yìí ni pé ó lè jẹ́ irọ́ ni òun ń lé. Òun ti wá mọ̀ báyìí pé òótọ́ ni. Ó ní ṣùgbọ́n iná tó ń gba inú ti àwọn ará Japan kọjá ń wọ́ bí ìgbín, pé bí a bá tẹ́ awọ ike náà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí ó sì tò dáadáa, yóò yára jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Iṣẹ́ yẹn ló wá gbájú mọ́. Yóò ti pẹlẹbẹ kan bọ inú ìgò omi tó ń rùn, yóò so ó mọ́ bátìrì Alhaji, awọ dúdú kan yóò sì máa hù sí i lára díẹ̀díẹ̀, gẹ́lẹ́ bí èéfín ti máa ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì àtùpà. Púpọ̀ nínú wọn ni kò ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán ọjọ́ kan nínú oṣù Keje ọdún 1987, ó pe ìyá George sínú yàrá náà. Ó tan iná sí ẹsẹ̀ kẹta, abẹ́rẹ́ mítà dìde. Ó pa á, abẹ́rẹ́ náà wálẹ̀. Ìyá George ní àwọn fi ojú ara àwọn rí i, àwọn sì lè fi Bíbélì búra.

Àsìkò náà ni kọ́lẹ́ẹ̀jì ń dín àwọn olùkọ́ kù. Wọ́n ti sọ fún olóògbé pé ọ̀jọ̀gbọ́n kan ń bọ̀ láti ìlú mìíràn lẹ́yìn ọdún Iléyá. Bí ọ̀jọ̀gbọ́n náà bá rí ohun tó ń ṣe tó ń ṣí ọ̀nà iná, tó sì ń tì í, wọn yóò fún un ní yàrá iṣẹ́ gidi, kò sì ní kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Bí kò bá rí i, kí ó máa lọ ilé. Èyí tó ti ṣiṣẹ́ nínú àwọn pẹlẹbẹ náà ti tó fi han ènìyàn. Ó tò wọ́n sórí tíréè kan, ó sì fi aṣọ bò wọ́n.

Ọjọ́ Ojúde Ọba bọ́ sí àárín. Gbogbo ẹ̀yin ọmọ Ìjẹ̀bú mọ̀ pé ọjọ́ kẹta Iléyá kò mọ Kìrìsìtẹ́nì, kò mọ Mùsùlùmí. Olóògbé ni akọ̀wé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú Regbẹ́regbẹ́ tí a fi ọjọ́ orí pín, ilé wa ni wọ́n sì máa yà sí lọ́dún yẹn láti jẹun lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kí Ọba tán. Ó wọ agbádá funfun, ó bá wọn lọ láàárọ̀. Màmá ti Ayépé wá láti tún ilé ṣe. Ẹ sì mọ bí ọ̀rọ̀ Regbẹ́regbẹ́ ti rí: bí ẹgbẹ́ ọmọ ẹni bá ń bọ̀ nílé, kì í ṣe pálọ̀ nìkan là ń gbá, torí pé wọn yóò yà sí ẹ̀yìnkùlé, ẹnu wọn kò sì ní gbélẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ìyá George ń se oúnjẹ àlejò ní ilé ìdáná nígbà tí Màmá ṣí yàrá náà. Wọ́n ká aṣọ orí tíréè, wọ́n sì rí àwọn nǹkan dídán tí èéfín ti bò. Àánú ọmọ wọn ṣe wọ́n. Wọ́n ní ìyàwó tó kàwé tó báyìí! Wọ́n bu omi, wọ́n mú kànìnkànìn àti ọṣẹ dúdú, wọ́n jókòó sórí àpótí, wọ́n ń kọ orin ìyìn, wọ́n sì fọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi mọ́ tónítóní. Wọ́n sá wọn sórí aṣọ funfun nínú oòrùn.

Nígbà tí olóògbé dé, Màmá fà á lọ́wọ́ lọ sí ẹ̀yìnkùlé kí ó lọ wo iṣẹ́. Ìyá George wà lẹ́yìn wọn, wọ́n sì rí ohun gbogbo. Awọ dúdú kò sí mọ́. Wúrà náà ti bá omi lọ. Wọ́n ní olóògbé wo àwọn pẹlẹbẹ náà. Lẹ́yìn náà, ó ká agbádá rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ tí omi ọṣẹ ti rin, ó ní, “Ẹ ṣé, Màmá. Ẹ kú iṣẹ́.” Màmá gbé ọwọ́ lé e lórí, wọ́n súre fún un. Ó dìde, ó lọ bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ó bá wọn jẹun, ó tilẹ̀ bá wọn rẹ́rìn-ín. Ní ilé ìdáná, ó sọ fún ìyá George pé bí Màmá bá gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí láéláé, òun kò ní dárí ji ìyá George.

Ọ̀jọ̀gbọ́n dé. Olóògbé sọ fún un pé òun kò ní ohunkóhun láti fi hàn, pé àṣìṣe òun ni. Wọ́n ní kí ó fẹ̀yìn tì. Láti ìgbà náà ni ìlú ti ń pè é ní Dókítà Onírédíò, àwọn kan nínú ìjọ sì ń sọ pé ìwé ló ti dà á lórí rú. Ẹbí náà kò gbẹ́yìn. Ọ̀gbẹ́ni Walter sọ fún un pé ó ṣì lè ṣí ilé ìtajà oògùn.  Olóògbé ń kọ́ àwọn ọmọ Ìmùṣin ní kẹ́mísìrì lọ́fẹ̀ẹ́, ó ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin, ó sì ń dúró de pẹlẹbẹ tuntun láti òkè òkun, èyí tí kò dé. Ní ọdún yìí, 1989, ó kà á nínú ìwé ìròyìn pé àwọn ará Faransé náà ti fi irú rẹ̀ ṣe èyí tó tò dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ̀jẹ̀ ríru ti dá a dùbúlẹ̀ nígbà náà. Ó ní, “Ó ń lọ síwájú.” Ó dákẹ́ ní ọjọ́ keje oṣù Kẹwàá.

Ọ̀gbẹ́ni Walter ti kọ ọ́ sínú ìwé pé àìlera ló mú olóògbé fẹ̀yìn tì. Nígbà tí ó kà á fún ẹbí ní pálọ̀, ìyá George bú sẹ́kún, wọ́n ní irọ́ ni, wọ́n sì sọ gbogbo ohun tí a ti kà yìí. Ẹnu yà wá, a kò mọ ibi tí a ó wò. George ní a gbọ́dọ̀ kọ ọ́, kí ìlú lè mọ̀ pé orí bàbá òun kò dàrú. Ọ̀gbẹ́ni Walter ní ta ni yóò kọ ọ́ tí Màmá tó ṣì wà láyé yóò fi gbọ́? Ṣebí olóògbé ló ní kí a má sọ ọ́? George ní orúkọ òkú ńkọ́? A ń jà, ohùn ń lọ sókè, a gbàgbé pé kọ́tìnnì nìkan ló wà láàárín wa àti yàrá tí Màmá dùbúlẹ̀ sí.

Màmá jáde. Kò sí ẹni tó lè wò wọ́n lójú. Wọ́n béèrè pé, “Àwọn nǹkan tí mo fọ̀ yẹn ni?”  Wọ́n jókòó, wọ́n sì bi ìyá George pé kí ni wọ́n ń lò ó fún. Ìyá George gbìyànjú, wọ́n sọ ti ike, wọ́n sọ ti ẹsẹ̀ mẹ́ta. Màmá ní kò yé àwọn. Wọ́n tẹjú mọ́ ọwọ́ wọn méjèèjì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí Walter kọ ọ́, kí ó má fi ohunkóhun pamọ́.

Olóògbé fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀ lọ, Màmá Rachel Odùtáyọ̀. Ìyàwó rẹ̀, Ìyáàfin Helen Mọ́ṣádé Odùtáyọ̀. Àbúrò rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Walter. Àwọn ọmọ rẹ̀, George, Matilda àti Olúṣẹ́gun. Ọmọ-ọmọ kan, Bísí, ọmọ Matilda. Pẹ̀lú ọ̀pọ̀ ẹbí ní Ìmùṣin, Ayépé àti Odògbólú. Nítorí pé òkú ọ̀fọ̀ ni, kò sí ìnáwó. Ìyá kì í sì í tẹ̀lé ọmọ dé ibi ibojì, nítorí náà Màmá kò sí láàárín wa lónìí. Ayépé ni wọ́n wà. Wọ́n rán wa ní ọ̀rọ̀ pé kí a kà á síbi tí ọmọ àwọn yóò ti gbọ́. Èdè Ìjẹ̀bú ni wọ́n fi sọ ọ́. Ọ̀gbẹ́ni Walter kàn kọ ọ́ bí ìjọ yóò ti lè kà á ni, kò yọ nǹkan kúrò, kò fi nǹkan kún un.

“Bọ́dúnrìn, èmi ni mo fọ̀ ọ́. Èmi kò mọ̀. Ìwọ mọ̀, o sì dọ̀bálẹ̀ fún mi nínú omi ọṣẹ. Ọwọ́ tí mo fi ba iṣẹ́ rẹ jẹ́ kò tíì gbẹ tí mo fi gbé e lé ọ lórí, tí mo ní iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní bàjẹ́, o sì ṣe àmín. Wọ́n ní ìyá kì í kúnlẹ̀ fún ọmọ. Bí wọ́n ti ń ka èyí sí ọ létí, orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà. Dìde nílẹ̀, ọmọ mi. Agbádá rẹ ti tutù. Dìde, kí o lọ sùn re.”